Ó Ku Àádọ́ta

Ọmọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ funfun
kó tó fọwọ́ kan igi tí mo fi ọwọ́ lásán rẹ́.
Ó da àwòrán náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì mi ní Àpàkẹ́,
ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ná,
ó ní, "Bàbá, ṣé ti Ọlárìndé nìyí?"

Lẹ́ẹ̀dì ni. Lẹ́ẹ̀dì káfíńtà, pẹrẹsẹ,
irú èyí tí mo máa ń há sẹ́yìn etí.
Ó ku àádọ́ta.
Mo kọ ọ́ lọ́dún tí mángòrò so tí ewúrẹ́ fi kọ̀ ọ́.
Náírà ni. Owó férémù, ìṣó wà nínú rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn kí ojú lè máa tì í
níbikíbi tó bá gbé e dé.

Ọlárìndé kì í san gbèsè,
kíkùn ló ń kùn ún.
Ó jẹ búrẹ́dì oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Ìyá Móyọ̀sọ́rẹ ní Tákíé,
ó gbé òjò kan tó ń rọ̀ lórí igi mángòrò fún un dípò owó.
Pátákó àjà tó já bọ́ nílé ìwé ló kùn ún sí,
búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni òjò inú rẹ̀,
ó sì fi góòmù pò ó,
góòmù mi, tó jí.
Nígbà tí gíláàsì fèrèsé ìyá fọ́,
ó fi òjò dí ojú òjò.
Ọdún mọ́kànlélógún. Òjò gidi bá a dé igun kan,
ó sọ búlúù ibẹ̀ di eérú.
Igun yẹn ni ìwé àwọn olówó ń yìn jù.

Nígbà tó kú, a dáwó ká tó rí pákó rà.
Èmi ni mo kan pósí náà.
N kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀.

Ará Èkó kan fún ìyá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta,
ìyá ra gíláàsì, ó tún ààrò ṣe,
ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan rẹ́rìn-ín pé òun ti rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Oníbọ̀wọ́ ní àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lé e lórí:
bóyá àádọ́ta ọdún ló rí pé ó kù fún ayé,
bóyá àádọ́ta àwòrán tí ikú kò ní jẹ́ kó kùn.
Bó bá jẹ́ tirẹ̀, iye rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.
Iye ni wọ́n ń wá. Iyè ni èmi ní.
Mo wo lẹ́ẹ̀dì náà títí.
Mo ní, "Tirẹ̀ ni."
N kò purọ́. Gbèsè rẹ̀ ni.

Gbàǹjo tí mo mọ̀ ní Wàásò,
ẹnu ọlọ́jà á máa lọ sókè, owó á máa lọ sílẹ̀.
Ti Èkó, tí Adérónpé ọmọ ọmọ mi fi hàn mí lójú fóònù,
ẹnu wọn rọlẹ̀ bí ẹni wà lọ́dọ̀ aláìsàn,
owó ń gun òkè.
Ẹnìkan na páálí: mílíọ̀nù mẹ́jọ.
Ẹnìkan mi orí: mọ́kànlá.
Obìnrin kan tó ń nu awò ojú rẹ̀: mẹ́rìnlá.
Ọkùnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ wá gbé òòlù kan,
òòlù tí kò lè kan ìṣó wọnú ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń lu tèmi.

Adérónpé ní kí n lọ bèèrè ẹ̀tọ́ mi.
Lọ́wọ́ ta? Àádọ́ta náírà kò ra ìṣó kan mọ́.
Mo mú ayùn, mo gba Tákíé lọ.
Ìyá Móyọ̀sọ́rẹ ti ránṣẹ́ sí mi láti àná:
gíláàsì tuntun ń jẹ́ kí oòrùn wọlé jù,
kí n wá nǹkan kan fi dí i.