Ọwọ́ Kan Nínú Fíìmù

Kòkó ló kọ́kọ́ gbé inú ilé yẹn.
Páànù lókè, sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo
tó kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́.
Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, bàbá mi gbá a mọ́,
ó fi ọ̀dà dúdú kun ògiri,
ó ní, "Láti òní lọ, sítúdíò lorúkọ rẹ̀."
Àwọn ará Odòjọmu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Jeremáyà Akínmúlérò, ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún,
kò ṣeré rí, kò mọ bí a ti í di kámẹ́rà mú.
Ohun tó mọ̀ ni kó wá owó,
kó wá ọkọ̀, kó wá ìrẹsì fún ogójì ènìyàn,
kó bẹ ọba inú eré kó má bínú lọ sílé
torí pé ẹran ìjòyè tóbi ju tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n lé ewúrẹ́.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pàṣán lọ́wọ́,
mo dúró sẹ́yìn ilé
kí ti Màmá Lúsì má baà ké sáàárín ọ̀rọ̀ ìfẹ́.
Ewúrẹ́ gbọ́ràn. Òjò ni kò gbọ́.
Bó bá ti kan páànù, gbogbo ẹnu a dákẹ́,
bàbá mi a gbójú sókè,
a máa fi ìka ka owó epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jò dànù.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà.
A ó dì í bí ọmọ tuntun, a ó fi ránṣẹ́,
a ó wá jókòó oṣù mẹ́ta láìmọ̀
bóyá ojú ènìyàn ló wà níbẹ̀ tàbí òkùnkùn.
Ó ta oko Òkè-Igbó. Ó ta Pijó.
Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi:
ìyẹn nìkan ni ìyá mi gbé dé sàréè.

Lálẹ́ tí fíìmù àkọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn ìlú,
àwọn kan gun igi máńgòrò.
Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí àwòrán,
ojú àwọn èrò ló ń wò.

Márùn-ún ló ṣe. Gbèsè ló jẹ ẹ̀kẹfà.
Lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù: ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gba ẹrù.
Kò rówó san. Ẹrù kò dé mọ́.
Fídíò wọ̀lú; ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ sí èjìká,
ó parí eré láàárín ọjọ́ mẹ́rin.
Bàbá mi wò ó tán, ó ní, "Ó dáa,"
ó lọ ti ilẹ̀kùn sítúdíò.

Níjọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní alàgbà ìjọ ni, wọ́n ní olóko ni.
Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fíìmù.

Ọdún tó kọjá ni mo rí agolo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀,
ìpata ti jẹ ẹ́, ó ń rùn bí ọtí tó kan.
Mo na fíìmù inú rẹ̀ sí oòrùn lójú fèrèsé yẹn;
àwòrán kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ.
Ọba ń bínú. Olólùfẹ́ ń sunkún.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà,
ọwọ́ kan yọ wọlé, ó ń ti iná súnmọ́ ọn
kí omijé rẹ̀ lè tàn.
Mo mọ àpá tó wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn.
Àdá Òkè-Igbó ló ṣe é.

Ewúrẹ́ kan ké níta.
Mi ò dìde.