Bàtà Tobin

Una, má tíì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n bínú tán ná.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wo eré yìí,
alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án géérégé.
Nígbà tí ìjì wó òpó iná lọ́dún èṣí,
mo wọ bàtà yìnyín, mo rìn dé ilé àwọn Pardy
tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀,
kí apá kan ṣoṣo má baà fò mí.
Mo mọ gbogbo iwin tó wà nínú ilé iná etí òkun yẹn.
Mo mọ èyí tó ń sunkún, mo mọ èyí tó ń jí ṣíbí.
Ẹni tó bá mọ eré tó báyìí,
kò yẹ kí wọ́n purọ́ bàtà fún un.

Tobin kan ilẹ̀kùn lálẹ́ òní.
Tobin tí òkun gbé lọ ní apá kejìlá,
tí Maren sunkún rẹ̀ títí ẹkún fi sú ẹkún.
Ó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì.
Fayolíìnì ń ké bí ológbò tébi ń pa.
Maren dì mọ́ ọn.
Mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Gbígbẹ!
Bàtà róbà rẹ̀ gbẹ bíi pánlá.
Ọkùnrin tó lo oṣù méje lábẹ́ omi!
Kò sí ewéko òkun, kò sí hóró iyanrìn kan lórí ẹní Maren.
Mo sọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń hun lu tẹlifíṣọ̀n,
ológbò sá wọ abẹ́ àga.
Mo ní, ẹ̀yin òǹkọ̀wé tẹ́ ẹ jókòó ní Tòróńtò,
ta ló dúró ní èbúté rí nínú yín,
ní Niufaundilandi níbí, nínú kùrukùru,
tó ń ka ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé,
mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà,
tí ìkeje kò dé?
Àkúdàáyà tó bá ti òkun bọ̀ gbọ́dọ̀ máa kán tótótó.
Ó gbọ́dọ̀ máa rùn: dísù, ẹja,
swẹ́tà irun àgùntàn tí kì í gbẹ lọ́jọ́ mẹ́ta.
Ó gbọ́dọ̀ ba ẹní jẹ́.
Ọdún mẹ́fà ni ẹní tèmi ti wà nílẹ̀
tó ń retí ẹni tí yóò bà á jẹ́.

O ní, "Verna, eré ni."
Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé mo pè é ní Bíbélì ni?
Mo pa fóònù mọ́ ọ létí.

Mo dá a padà, mo tún un wò.
Tíì mi di omi tútù.
Nígbà kẹta, mo pa ohùn rẹ̀,
torí fayolíìnì yẹn kì í jẹ́ kéèyàn ríran.
Ìgbà náà ni mo tó rí Maren:
àgbọ̀n rẹ̀ wà léjìká ọkùnrin náà,
ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ṣẹ́jú,
ó wo bàtà náà.
Ó mọ̀.
Ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó rọra ti ilẹ̀kùn,
kí òtútù má baà mú un.

Ẹ̀yin ará Tòróńtò burúkú wọ̀nyí,
ẹ ò gbàgbé omi rárá.

Mo wo ẹnu ọ̀nà tèmi.
Bàtà Hedley wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́bìrì yìnyín,
ògbólógbòó tó fi sílẹ̀
torí ó ní tuntun lòun fẹ́ wọ̀ lọ lọ́jọ́ náà.
Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Èèpo súìtì kan ló wà níbẹ̀.
Gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Aago kan òru ni mo tún pè ọ́.
Mo ní, "Una, ó rí i! Maren rí bàtà náà!"
O dákẹ́ títí mo fi ń gbọ́ fíríìjì rẹ bó ṣe ń kùn.
O wá ní, "Mo ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀.
Ìwọ ni n ò fẹ́ kó o rí i."

Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wá wò ó lọ́dọ̀ mi.
Mú búrẹ́dì dání.
Bí nǹkan tó wọ bàtà Tobin bá tún bèèrè tíì,
n ò ní pariwo.