Ìpọnbẹ̀

Létí Kàbà, níbi tí ọ̀nà Ọbájánà ti yà,
wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ kan tó gùn bí gbọ̀ngàn ìdánwò.
Sanwó lẹ́ẹ̀kan, kí o jẹ títí ìgbànú rẹ yóò fi bẹ̀ ọ́.
Méjìlélógójì ni abọ́ irin tí mo kà:
ìrẹsì àwọn ará Íńdíà, ó pọ́n bí ìyeyè,
okùn ìyẹ̀fun àwọn ará Ítálì, ó lọ́ mọ́ra bí ẹjọ́ ilẹ̀,
ẹja tí àwọn ará Jàpáàn ò jẹ́ kó fojú kan iná.
Ará Ṣáínà mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì
wo abọ́ tí wọ́n kọ "Ṣáínà" sí lára,
wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín,
wọ́n lọ bu ẹ̀bà.

Bàbá mi, Tíṣà Olúmorotí, jókòó,
ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì,
ó ń retí.

Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀: "Okun o, bàbá.
Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bù ú."
"Kí ni kí n bù?"
"Ohun tó bá wù yín."
Bàbá wò mí.
Ìgbà yẹn ló tó yé mi:
ọdún mọ́kànléláàádọ́ta pẹ̀lú Ìbídùn ọmọ Ìyàrà,
bàbá mi ò bu oúnjẹ rí.
Kò mọ ìwọ̀n tó ń yó o.
Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n dórí ẹyọ ẹran,
ó sì ti gbé e wọlẹ̀ lọ.

Mo ní ẹ jẹ́ n bá yín bù ú.
Ó ní rárá.
Ó kọjá lára Íńdíà, ó mi orí sí i.
Ó tẹjú mọ́ Ítálì
bí ìgbà tó bá ń máàkì ìwé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kọ.
Ní Lẹ́bánónì ó béèrè ta ló lọ ẹ̀wà kúnná báyìí.
Ó yí ayé ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò ní Kàbà,
àwo òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní igun, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn,
níbi tí iná abẹ́ abọ́ ti kú,
iyán wà nínú ọ̀rá bí ẹrù àlejò,
ẹ̀gúsí ti ń di awọ lójú.
Ó di ìpọnbẹ̀ mú lọ́rùn bí ẹni mú adìyẹ.
Àkọ́kọ́ dà sórí tábìlì.
Èkejì wọ àwo. Ẹ̀kẹta.
Ó ń bù, ó ń bù, ó ń ṣàn sí i ní àtàǹpàkò.
"Bàbá, ó ti tó."
Kò bojú wẹ̀yìn. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ìdajì ló jẹ. Iyán náà ti le.
Nígbà tí a dìde, ó pe ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ yáwó:
èló ni wọ́n ń ta ìpọnbẹ̀?