Ọdún Kẹta Òkùnkùn

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé Ìpẹru
Ìyá Àgbà kó wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀:
"Ẹ di ojú yín. Morádékẹ́, lọ wá tọ́ọ̀ṣì."
Ó forí sọ ògiri. A rẹ́rìn-ín.

Ìṣáná ń bẹ nínú agolo mílíìkì, lẹ́yìn redió.
Kẹ́ẹ̀gì epo, jìnnà sí ààrò.
Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn:
èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Gàrí wà. Gàrí kì í bèèrè iná.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, wáyà já,
ẹ̀ka máńgòrò bọ́ lu páànù.
Gbogbo wa ń táràrà.
Bàtà rẹ̀ nìkan la gbọ́,
ó ń bọ̀ tààrà, kò fọwọ́ kan ògiri:

"Ẹ di aṣọ mi mú.
Ọdún kẹta rèé
tí wọ́n ti mú iná lọ lójú tèmi."