Wá, Wà

Ìṣègùn òyìnbó ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù,
ìmọ̀ ilé-ìkàwé ni wọ́n gbé fún mi.
Bàbá mi, Ògúndìran mẹ́káníìkì ní Tákíé,
yọ sípánà kúrò lẹ́nu, ó ní:
"Ṣé ọdún mẹ́rin ni èèyàn fi ń kọ́
bí wọ́n ṣe ń to ìwé sórí pákó?"
Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.
Bí oníbàárà bá sì bi í pé kí ni ọmọ ń kọ́ ní yunifásítì,
á ní "Kọ̀ǹpútà,"
á tún ti orí bọ abẹ́ mọ́tò.

Lọ́jọ́ kìíní, Ìyáàfin Oyèkúnlé
ki ìwé pẹlẹbẹ kan bọ àárín ẹgbẹ̀rún ìwé,
ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní:
"Ohun tó wà, tí a wá a tì,
kí ló fi yàtọ̀ sí ohun tí kò sí?"
Wá. Wà.
Àmì ohùn kan péré ló là wọ́n.
Ó ní orí àmì yẹn ni iṣẹ́ wa dúró lé.

Ọyẹ́ ọdún kejì, eruku Ògbómọ̀ṣọ́
jókòó sórí ìwé bí onílé.
Mo nù ún láàárọ̀, ó ti padà kó tó dọ̀sán.
Ibi tí mo ti ń nù ún ni mo ti pàdé bàbá mi:
ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àtúnṣe mọ́tò,
nínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ìṣègùn tí mo sunkún lé lórí,
ìṣègùn níbẹ̀rẹ̀ pákó, òun níwájú díẹ̀,
ọmọ ìyá, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn.
Mi ò sọ fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i?

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí.
Ẹnìkan ti kó búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ wa ní Arówómọlẹ̀,
rìsíìtì ò sì sí níbi tó fi í sí.
Mo délé. Páálí mílíìkì mẹ́ta lábẹ́ ibùsùn,
àpò kan tó ń rùn fún ọ́ìlì.
Ọjọ́ méjì ni mo fi kà wọ́n.
Ó jókòó tì mí, ó ń ka nọ́ọ̀tì sínú agolo
kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣófo.
Òun ń kà, èmi ń kà.
Òyìnbó ìbá fún un ní ọ̀rọ̀ méjì.

Rìsíìtì bọ́ sílẹ̀ láti àárín ìwé iná NEPA.
Nǹkan mìíràn bá a bọ́:
káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, etí rẹ̀ ti pọ́n bí iṣu sísun.
Ìyádùnní. Obìnrin.
Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ní àmì, àyè ìkẹrin ṣófo.
Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Bàbá mi fi rìsíìtì sílẹ̀ lórí ẹní.
"Òun ló ṣáájú rẹ," ó ní.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Èyí ńkọ́? Níbo lò ń tò ó sí?"

Fáìlì mẹ́rin ló wà níwájú mi:
Ilẹ̀. Mọ́tò. Ilé-ẹ̀kọ́. Ìlera.
Mo mọ nọ́ńbà tí wọ́n fún ikú,
mo mọ ti ọ̀fọ̀, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gbà á.
Gbogbo ayé ló jọ ń lo nọ́ńbà yẹn.
Mi ò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ó na ọwọ́ tí girísì ò kúrò lára rẹ̀ mọ́,
ó mú káàdì, ó fi bọ àpò àyà.
"Ṣé ẹ máa ń yá èèyàn?"
Mo ní a máa ń yá èèyàn.
"Ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi.
Ohun tí a yá: Ìyádùnní, oṣù méje.
Ẹni tó yá a: Ògúndìran.
Ọjọ́ ìdápadà:
mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀,
bí àyè abẹ́rẹ́ kẹrin.