Ọ̀dà àti Ọ̀dá

Èmi ni mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún Ọnàfúwà
lọ́dún tí wọ́n ní kó kun ògiri ilé ìwòsàn
lójú ọ̀nà Jàpárá, n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.
Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lọ́wọ́ mi,
ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí n bu gàrí fúnra mi.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ gẹdú ni pátákó rẹ̀.
Kò sí lọ́rì tó ru ìrókò gba Orù kọjá
tí kò pọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí abiyamọ:
ẹja kan wọ ṣòkòtò, ó jókòó sínú kòtò títì,
a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibí ni wọ́n bí mi sí."
Àwọn awakọ̀ a rẹ́rìn-ín títí,
wọ́n a tún wa ọkọ̀ wọn wọ kòtò ọ̀hún.

Ọ̀gbẹ́ni Odùbẹ̀là mú bébà wá láti káńsù:
nọ́ọ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà,
omi ẹ̀rọ tó ń dà ṣuuru,
alága lókè pátápátá, bí oòrùn.
"Ẹ̀rín nọ́ọ̀sì yẹn ṣe pàtàkì o."
Ọ̀gá mi gba àsansílẹ̀. Ó kà á. Ó ní, "Mo gbọ́."

Ó wọ inú ilé náà lọ, kó lè wo ohun tí yóò yà.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo jókòó ti agolo ọ̀dà,
mò ń fi ìka ya ìgbín sínú eruku.
Ilé yìí kan náà ni wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ wá lóru,
ọmọ ń mú un,
tí wọ́n ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri
títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kùn ún.
Ó ya bẹ́ẹ̀dì kan, kò ní tìmùtìmù.
Ó ya àga nọ́ọ̀sì: súwẹ́tà ló jókòó síbẹ̀.
Ó ya kọ́kọ́rọ́, ó tóbi tó ọmọ tuntun,
ó fi í kọ́ ibi tí ọwọ́ ìyá kankan kò lè tó.
Ó ya ẹ̀rọ omi, aláǹtakùn ta àwọ̀n sẹ́nu rẹ̀.
Ọ̀dà ló fi ya ọ̀dá.
Ó sì ya alága, bí wọ́n ṣe wí, bí oòrùn:
oòrùn yẹn ló fa omi gbẹ.

Àtìkórí wá wò ó, Òkè-Àgbò wá,
Ojówó ò gbẹ́yìn.
Àwọn tó ti ń kùn lábẹ́ àjà láti ọjọ́ yìí
rí ẹni tó kùn ún sójú ògiri.
Ìyá àgbà kan fi ọ̀pá rẹ̀ kan súwẹ́tà náà,
ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o.
Ẹ má dìde."

Lóru ọjọ́ kẹfà, wọ́n fi ẹfun bò ó.
A jí, ògiri funfun báláú.
Owó tó kù, wọn ò mẹ́nu bà á.
Ọ̀gá mi fi ìka kan ògiri, ó tọ́ ọ wò.
"Omi inú ẹ̀ ju ẹfun inú ẹ̀ lọ.
Àwọn tó jẹ owó bẹ́ẹ̀dì náà ló jẹ owó ẹfun.
Kó agolo, jẹ́ ká máa lọ."

Òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó dé lọ́dún yẹn,
nígbà tó sì dé, wínníwínní lásán ni.
Ẹsẹ̀ aláǹtakùn ló kọ́kọ́ yọ,
ọ̀kan, méjì, mẹ́jọ.
Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀gá mi ti sùn lókè ọjà, kò rí owó náà gbà.
Bẹ́ẹ̀dì méjì ti wà níbẹ̀ báyìí.
N kò ní sọ pé àwòrán ló gbé wọn wá.
Alága mìíràn ti jẹ, ó ti ní kí wọ́n kun ògiri náà ní búlúù.
Àná ni wọ́n kùn ún tán.
Mo ti lọ fi ìka kàn án.
Mo ti tọ́ ọ wò.