Omi Òwu Lóṣù Èrèlé

Bàbá mi Sáláwù, awakọ̀ lọ́rì igi gẹdú,
kì í sọ ìtàn nílé.
Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹun yó, tó ń fi igi ìṣáná tayín,
yóò ní: "Ẹ̀yin ò tíì rí omi.
Ẹ dé Òwu kí ẹ rí omi tó ń já láti ojú ọ̀run,
tó ń ké bí ẹgbẹ̀rún màlúù,
téèyàn ò ní gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀."
Ó ní òun dúró lọ́ọ̀ọ́kán lásán, ẹ̀wù òun rin gbingbin.

A ó jọ lọ, ló máa ń wí. Lọ́dún tó ń bọ̀.
Ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀ títí,
ó bá a lórí ẹní ní Pákátà,
a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ni mo ṣe yá mọ́tò àna mi ní Sátidé kan,
mo kó Àwáwù àtàwọn ọmọ sínú rẹ̀,
pẹ̀lú kúlà ráìsì àti aṣọ ìnura mẹ́rin,
nítorí ara yóò tutù.
Àjàṣẹ́ kọjá, Ìjàrá kọjá,
ọ̀dà tán lójú ọ̀nà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n já gbà lẹ́nu ẹni.
Eruku pupa. Múnírù ń bì sínú ọ̀rá.
Mo ní: "Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ariwo, a ti dé nìyẹn."

A pa ẹ́ńjìnnì. A fetí sílẹ̀.
Àdàbà kan.
Ẹnìkan ń la igi lọ́nà jíjìn.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùsì tó ń mú àlejò lọ sídìí àpáta
gba owó wa, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wò wá lójú.
Láti orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló ti ń tọrọ àforíjì
bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ mutí yó níwájú àna:
"Kì í rí báyìí o, alàgbà.
Ẹ ò bá a nílé ni. Ká ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ lẹ wá…"
Ó nawọ́ sókè, ó fi ìka ya omi sára àpáta fún wa:
ibi tó ti máa ń gbòòrò,
ibi tó ti máa ń fọ́ di kùrukùru.

Mo wòkè.
Àpáta dúdú, ó ga lóòótọ́, kò sírọ́ ńbẹ̀,
ó sì wà níhòòhò.
Òwu ti di òwú: fọ́nrán kan ṣoṣo,
bí omi àlùwàlá tí ọmọdé ń rọra dà kó má baà tán,
tó ń kán sínú kòtò ewé gbígbẹ àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà.

Àwáwù ò wí nǹkan kan. Ó ṣí kúlà.
Síkírá ló béèrè: "Ṣé Bàbá Àgbà purọ́ ni?"

Oyèwùsì ló dáhùn kí n tó lanu.
Ó ní láyé àwọn onígẹdú, kò sí àtẹ̀gùn,
igbó ló dí gbogbo ìsàlẹ̀ yìí.
"Ẹ̀bá títì ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa gbọ́ ọ."
Gbọ́ nìkan? "Gbọ́ nìkan."

Ẹ̀wù tó rin gbingbin wá ńkọ́?
Mi ò bi í. Bóyá òjò ni.
Bóyá òógùn: igi gẹdú ò fúyẹ́.
Mo kàn ń wo fọ́nrán yẹn títí Múnírù fi ní oòrùn ń pa òun.

Alẹ́ la dé Pákátà.
Ìyá Ràbì ojúlé kejì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Ẹ kú àbọ̀. Báwo lomi ọ̀hún ti rí?"
Mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.
Síkírá ti ṣíwájú mi, ó la apá rẹ̀ méjèèjì:
"Há! Èèyàn ò lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀!"

Mo kọjá lọ sẹ́yìnkùlé.
Mo bọ́ ẹ̀wù mi, gbígbẹ táútáú,
mo sá a sórí okùn.